Ta Ló Ni Aago? Àwíjàre fún Àwọn Fíìmù Gígùn Lav Diaz

Bí a bá ti dárúkọ Lav Diaz láàrin àwọn tó mọ sinimá, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi béèrè pé, wákàtí mélòó ni eléyìí? Ìbéèrè náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di oríkì fún olùdarí fíìmù ọmọ Filipínì yìí. Òun ló ṣe Ebolusyon ng Isang Pamilyang Pilipino lọ́dún 2004, tó tó nǹkan bíi wákàtí 10. Òun náà ló ṣe Hele sa Hiwagang Hapis lọ́dún 2016, tó jẹ́ ìṣẹ́jú 485, ìyẹn wákàtí 8 ó lé ìṣẹ́jú 5. Èrò tó gbilẹ̀ nípa rẹ̀ kò ṣòro láti sọ: wọ́n ní ìgbéraga ló ń ṣe é, wọ́n ní kò mọ ibi tó yẹ kó ti gé iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ní àwọn adájọ́ àjọ̀dún fíìmù ní Yúróòpù ló ń ṣe é fún, àti pé mẹ̀kúnnù Filipínì tí Diaz ń ya ìyà wọn kò ráyè jókòó wo ìyà ara wọn fún odidi ọjọ́ kan. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ pàápàá a máa gbà fún wọn lábẹ́lẹ̀. Wọn a ní iṣẹ́ ọkùnrin yìí dára, àfi pé ó gùn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Gígùn yìí ni ọkàn iṣẹ́ náà. Ẹ̀tọ́ kan tó ti bọ́ lọ́wọ́ tálákà tipẹ́, ẹ̀tọ́ láti sọ ìtàn ẹni tán kí ẹlòmíràn tó ní ó tó, ni Lav Diaz fi kámẹ́rà gbà padà. Ẹni tó bá sì ní kó gé e kúrú ń ní kó dá a padà fún àwọn tó gbà á.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wádìí ibi tí wákàtí 2 ti wá. Kò sí nínú bí Ọlọ́run ṣe dá ojú àti etí wa pé ìtàn gbọ́dọ̀ parí láàrin ìṣẹ́jú 120. Òǹkà ọjà ló bí i. Bí fíìmù kan bá gba wákàtí 2, onílé sinimá lè fi í hàn ní ìgbà 5 lójúmọ́, kó ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ìgbà 5, kó sì ta gúgúrú fún èrò tuntun ní ìgbà 5. Bó bá gba wákàtí 8, ẹ̀ẹ̀kan péré ni yóò fi hàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Láyé fíìmù oníkẹ̀kẹ́ sì rèé, kẹ̀kẹ́ 35mm kan tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 1,000 kì í ju ìṣẹ́jú 11 lọ. Owó ni wọ́n fi ń rà á, owó ni wọ́n tún fi ń fọ̀ ọ́, nítorí náà gbogbo ìṣẹ́jú ló ní iye lórí. Òwò ni, mi ò sì ní kí oníṣòwò má jẹun. Ohun tí mo kọ̀ ni kí a sọ ìwọ̀n ọjà di ìwọ̀n ọgbọ́n, kí a máa pe ẹni tó bá yẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ ní agbéraga. Ìwọ̀n náà kò tilẹ̀ dọ́gba fún gbogbo ènìyàn. Shoah, fíìmù tí Claude Lanzmann ṣe lọ́dún 1985 lórí ìpakúpa àwọn Júù, ju wákàtí 9 lọ, gbogbo ayé sì gbà pé ọ̀rọ̀ náà tó bẹ́ẹ̀, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òótọ́ ni. Kí ló wá dé tí àkókò tí a fún òkú Yúróòpù fi di àṣejù nígbà tí ọmọ Filipínì béèrè rẹ̀ fún òkú ilé tirẹ̀?

Ìgbésí ayé ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ fi hàn pé ọ̀rọ̀ aago ni ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n bí Lavrente Diaz ní 30 Oṣù Kejìlá 1958 ní Datu Paglas, ìgbèríko kan ní erékùṣù Mindanao ní gúúsù Filipínì. Olùkọ́ ni bàbá àti ìyá rẹ̀, iṣẹ́ wọn sì gbé wọn dé àwọn abúlé tí ojú ìjọba kì í tó. Bàbá rẹ̀ fẹ́ràn sinimá dénú egungun. Bí òpin ọ̀sẹ̀ bá dé, a kó ìdílé rẹ̀ lọ sí ìlú Tacurong, níbi tí wọ́n ti ń fi fíìmù méjì méjì hàn tẹ̀lé ara wọn, ọmọ náà a sì wò ó títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tí Ààrẹ Ferdinand Marcos kéde òfin ológun ní Oṣù Kẹsàn-án 1972. Ohun tí ojú abúlé rí lásìkò náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Òun ló padà di Mula sa Kung Ano ang Noon lọ́dún 2014, ìtàn abúlé kan tí ilé bẹ̀rẹ̀ sí í jó níbẹ̀ láìsí ẹni tó mọ ẹni tó dáná sun ún, tí màlúù ń kú, tí àwọn sójà wá wọlé dé, títí àwọn ará abúlé fi tú ká, tí ibẹ̀ sì dahoro. Kò sí ọjọ́ kan tí a lè nawọ́ sí nínú fíìmù náà pé, níbí gan-an ni wọ́n ti gba abúlé yìí. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n gbà á. Fíìmù oníwákàtí 2 ì bá ti fi ìró ìbọn kan sọ ọ́. Irọ́ ni ìbá sì pa fún wa, nítorí ìjọba apàṣẹwàá kì í bú gbàù bí àrá, bí ìkán jíjẹ òpó ilé ló ṣe ń wọlé.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Diaz dàgbà tó ráyè ṣe fíìmù, aago olówó ló bá pàdé. Ní ilé iṣẹ́ Regal ní Manila, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní pito-pito. Pito ni méje lédè Tagalog, nítorí náà méje-méje ni pito-pito: ọjọ́ 7 láti ya fíìmù, ọjọ́ 7 láti tò ó pọ̀, owó táṣẹ́rẹ́, ó di ilé sinimá. Abẹ́ ètò yìí ni Serafin Geronimo: Ang Kriminal ng Baryo Concepcion, fíìmù tó kọ́kọ́ gbé orúkọ rẹ̀ jáde, ti wá lọ́dún 1998. Mi ò ní bu ètò náà kù tán, nítorí ó ṣílẹ̀kùn fún àwọn ọ̀dọ́ tí ẹnikẹ́ni kì bá tí gbọ́ orúkọ wọn. Àmọ́ ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Olówó ló ni ọjọ́. Bí òjò bá rọ̀, ọjọ́ ti lọ. Bí òṣèré bá ń fẹ́ wákàtí kan sí i kó tó rí ìbànújẹ́ ẹni tó ń ṣe, kò sí wákàtí náà. Ìtàn tó bá wọnú ọjọ́ 7 nìkan ló ṣeé sọ, ìtàn tálákà kì í sì í sábà wọ̀ ọ́, nítorí ìyà tálákà kì í ṣe ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ kan. Batang West Side, ní 2001, lórí ọmọkùnrin Filipínì kan tí wọ́n pa ní Jersey City ní Amẹ́ríkà, ni Diaz ti kọ́kọ́ fi aago náà sílẹ̀: wákàtí 5. Lẹ́yìn náà ni kámẹ́rà dígítà tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò wọ́n, kò sí ilé ìfọ̀ fíìmù tí ènìyàn yóò máa dúró dè, òun fúnra rẹ̀ sì lè kọ ìtàn láàárọ̀, kó di kámẹ́rà mú lọ́sàn-án, kó tò ó pọ̀ nílé. Ó ti sọ lọ́pọ̀ ìgbà pé ìdáǹdè ni ẹ̀rọ náà jẹ́. Nítorí náà, àwọn tó ń pe gígùn fíìmù rẹ̀ ní afẹ́ ti dojú ọ̀rọ̀ délẹ̀. Afẹ́ kọ́ ló bí i, àìlówó ni. Ẹni tí kò ní ohun tí yóò fi ra ògo Hollywood ní ohun kan ṣoṣo tó pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn àkókò, ó sì náa fún àwọn ènìyàn rẹ̀ láìṣahun.

Ẹ jẹ́ ká wo Ebolusyon ní tòsí, kí a rí ohun tí ìnáwó àkókò yìí rà. Ìtàn ìdílé àgbẹ̀ kan ni, láti 1971 di 1987, láti ìgbà tó ku díẹ̀ kí òfin ológun dé títí di ẹ̀yìn ìgbà tí Marcos sá kúrò nílùú. Nǹkan bí ọdún 10 ni Diaz fi ya á. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1994, apá kan wà lórí fíìmù 16mm, apá kan wà lórí dígítà. Nínú àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ọmọdékùnrin tó ń ṣe Raynaldo, Elryan de Vera, dàgbà lójú kámẹ́rà. Wọn kò wá ọmọ mìíràn tó jọ ọ́, wọn kò fi àtíkè sọ ọ́ di àgbà. Èjìká rẹ̀ ló ń gbòòrò, ojú ọmọdé ló ń kúrò lójú rẹ̀. Kò sí owó tó lè ra irú àwòrán bẹ́ẹ̀, àfi sùúrù. Nínú fíìmù yìí kan náà ni a ti rí ikú Kadyo, tí Pen Medina ṣe. Wọ́n ti gún un, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lọ lójú títì, ó ń ṣubú, ó ń dìde, kámẹ́rà kò sì fi í sílẹ̀. Ní ilé sinimá tó kù, ẹni tí wọ́n bá gún a wólẹ̀, a ó sì kọjá lọ sí ibi tí ọ̀tá rẹ̀ wà. Níbí, ìwọ tó ń wò ó yóò kọ́kọ́ káàánú, lẹ́yìn náà yóò sú ọ, lẹ́yìn náà ojú yóò tì ọ́ pé ó sú ọ, ìgbà náà ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ọ pé ènìyàn ń kú níwájú rẹ. Àwọn tó ń sọ pé kí wọ́n gé apá yìí kò mọ̀ pé ìtìjú yẹn gan-an ni ohun tí olùdarí náà wá gbìn sí wa lọ́kàn.

Ẹ̀rí kejì wà nínú Kagadanan sa Banwaan ning mga Engkanto, oníwákàtí 9, tó jáde lọ́dún 2007. Ní 30 Oṣù Kọkànlá 2006, ìjì líle kan tí wọ́n ń pè ní Reming jà ní agbègbè Bicol. Òjò náà wọ́ iyanrìn àti àpáta sọ̀kalẹ̀ láti ara òkè oníná Mayon, ó sì rì àwọn abúlé mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àwọn ènìyàn inú wọn. Diaz gbé kámẹ́rà lọ síbẹ̀, ó fọ̀rọ̀ wá àwọn tó yè lẹ́nu wò, ó sì hun ìtàn akéwì kan, Benjamin Agusan, mọ́ ọn, ẹni tó ti Rọ́ṣíà dé bá ìlú rẹ̀ lábẹ́ àpáta. Ilé ìròyìn ti fi ìṣẹ́jú díẹ̀ sọ ti ìjì náà, wọ́n sì ti kọjá lọ. Ta ló yẹ kó dúró ti ẹni tó ń wo orí òrùlé ilé bàbá rẹ̀ tó yọ lórí iyanrìn? Ẹni tó bá lọ kí ẹni tó ṣọ̀fọ̀, tó ń wo aago, kò kí i rárá.

Àwọn alátakò yóò ní Diaz fúnra rẹ̀ ti jẹ̀bi, nítorí àlàyé tó máa ń ṣe. Ó máa ń sọ pé àwọn ẹ̀yà Màléè, kí Spéìn tó dé, kò fi aago díwọ̀n ayé. Àyè tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀ ni wọ́n mọ̀, aago sì jẹ́ ẹrù tí àwọn amúnisìn dì lé wọn lórí. Wọ́n ní àlàyé yìí jẹ́ àlá, pé ọmọ Manila tó ń sáré bá ọkọ̀ jiipní láàárọ̀ mọ aago ju ará Madrid lọ. Mo gbà fún wọn dé àyè kan. Èmi kò gbà pé àkókò wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yà kan. Ṣùgbọ́n ohun tí kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ lè wà nínú àṣà, àṣà Filipínì sì kún fún ohun gígùn. Ní Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, àwọn ará àdúgbò a kóra jọ láti kọ ìtàn ìjìyà Jésù lórin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Pabasa ni wọ́n ń pè é, wọn a sì máa gbà á lẹ́nu ara wọn tọ̀sán tòru. Ní Mindanao níbi tí wọ́n ti bí Diaz, àwọn Maranao ní Darangen, orin ìtàn akọni tí UNESCO kà sí ìpín 17 àti ìlà 72,000, tí kò sí bí a ṣe lè kọ ọ́ tán lálẹ́ kan. Láyé òde òní, Ang Probinsyano, eré orí tẹlifíṣọ̀n, bẹ̀rẹ̀ ní 2015, ó sì di 2022 kó tó parí, àwọn mẹ̀kúnnù tí wọ́n ní wọn kò ní sùúrù yìí náà ló sì ń wò ó. Nínú Ebolusyon pàápàá, ìdílé náà a jókòó ti rédíò láti gbọ́ eré tó ń lọ lójoojúmọ́. Bó bá wá jẹ́ pé ènìyàn lè fi ọdún méje tẹ̀lé ìtàn kan, tó lè fi òru mọ́jú kọ orin ìjìyà, irọ́ ni pé ó kọ ohun gígùn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ilé sinimá nìkan ló kọ̀ ọ́ fún un. Ó sì dùn mọ́ mi pé 26 Oṣù Kẹta 2016, Sátidé tó ṣáájú Ọjọ́ Àjíǹde, ni Hele wọ ilé sinimá ní Filipínì, ní ọ̀sẹ̀ pabasa gan-an.

Àtakò tó tún le ju ìyẹn lọ ni ti Yúróòpù. Wọ́n ní ẹ wo ibi tí ògo rẹ̀ ti ń wá: Locarno ní Swítsálandì fún Mula sa Kung Ano ang Noon ní Àmọ̀tẹ́kùn Wúrà lọ́dún 2014, Berlin fún Hele ní Béárì Fàdákà ní 2016, Venice sì fún Ang Babaeng Humayo ní Kìnnìún Wúrà lọ́dún kan náà. Wọ́n ní tálákà ni ọjà tó ń tà fún òyìnbó. Òótọ́ ni pé àwọn tó rí iṣẹ́ rẹ̀ nílé kò pọ̀ tó bó ṣe yẹ, ó sì dun ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Inú àwọn ilé ìtajà ńlá ni ọ̀pọ̀ ilé sinimá Filipínì wà, fíìmù Hollywood ló sì ń gba àyè tó dára jù nínú wọn. Ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé mọ́, tó wá rí àga jókòó lóde, a kò lè bá a wí pé òde ló fẹ́ràn. Ẹ tún wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Èdè Bikol ni àkọlé Kagadanan, èdè tí ọ̀pọ̀ ọmọ Manila pàápàá kò gbọ́. Ọ̀rọ̀ ìṣubú ìlú Silang ní 1897, tó gba àyè púpọ̀ nínú Hele, adájọ́ ará Jámánì kò lè lóye rẹ̀ láìka ìwé. Ẹni tó bá ń tajà fún àlejò kì í fi èdè abẹ́lé kọ orúkọ ọjà rẹ̀. Nípa ìyà tálákà tí wọ́n ní ó ń tà, Ang Babaeng Humayo tó láti dáhùn. Horacia, tí Charo Santos-Concio ṣe, jẹ́ olùkọ́ tó ti fi ọdún 30 ṣẹ̀wọ̀n ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá. Lálẹ́, a jókòó ti ọkùnrin kan tó ń ta ẹyin pẹ́pẹ́yẹ sísè, wọn a máa sọ̀rọ̀ ọmọ, ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ olówó tó ń gbé nílé ńlá. Kámẹ́rà kò sún mọ́ wọn láti wá omijé. Ó jìnnà díẹ̀, bí ẹni tó mọ̀wàá hù lọ́dọ̀ àgbà, ó sì jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán. Ẹni tó ń ta ìyà a máa yára ya ojú ọgbẹ́, kó gba owó rẹ̀, kó máa lọ. Ẹni tó bá dúró títí ọ̀rọ̀ fi tán, ọ̀wọ̀ ló ń fún ni.

Ó ku àwọn tó ní gbogbo èyí dára, àmọ́ kò sí iṣẹ́ tí kò nílò ọ̀bẹ. Èmi náà kò sọ pé gbogbo ìṣẹ́jú Lav Diaz ló jẹ́ wúrà. Nínú Ang Panahon ng Halimaw, ọdún 2018, níbi tí gbogbo ọ̀rọ̀ ti di orin láìsí ohun èlò kankan, àwọn ègbè kan yí po títí agbára wọn fi rọ̀. Gígùn nìkan kò sì sọ fíìmù di rere. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá gbàgbé láti pa kámẹ́rà rẹ̀ ì bá ti di ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: Lahi, Hayop, tó gba ẹ̀bùn olùdarí tó dára jù ní ìpín Orizzonti ní Venice lọ́dún 2020, kò tó wákàtí 3. Magellan, tó gbé lọ sí Cannes lọ́dún 2025 pẹ̀lú Gael García Bernal, kò tó wákàtí 3. Bí gígùn bá jẹ́ àìsàn tàbí ìgbéraga, báwo ló ṣe ń fi í sílẹ̀ nígbà tí ìtàn kò bá béèrè rẹ̀? Òun náà ti kọ orúkọ tí wọ́n ń fún un, pé sinimá tó lọ́ra ni tirẹ̀. Ó ní sinimá ni, ó tán. Ó sì ti sọ pé òun kò bínú bí olùwòran bá jáde, tó jẹun, tó padà wá. Agbéraga kì í sọ bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára ni pé ìgbàgbé ń pa ènìyàn. Àwa Yorùbá ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó kó o kò bá rí àyè sọ ọ́, ọmọ rẹ̀ yóò gbàgbé. Wọ́n lé Marcos kúrò lórí oyè ní Oṣù Kejì 1986. Ní 2022, ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ kan náà wọlé ìbò ààrẹ. Àárín méjèèjì kò ju ọdún 36 lọ. Bí àgbà bá ṣubú, ẹ̀yìn ló ń wò. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n kò fún láyè láti bojú wẹ̀yìn yóò tún ṣubú síbi kan náà. Àwòrán kéékèèké tó ń sáré kọjá lójú fóònù ni wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára ìtàn lónìí, ẹnikẹ́ni kò sì lè fi àwòrán kéékèèké mìíràn dáhùn rẹ̀. Ìtàn tó kún rẹ́rẹ́ ló lè dáhùn rẹ̀, ìyẹn sì ń fẹ́ àkókò.

Nítorí náà ni Hele fi jẹ́ fíìmù tí mo fi ń gbèjà rẹ̀ jù. Ní 10 Oṣù Karùn-ún 1897, àwọn ọmọ ogun Aguinaldo, olórí ìṣọ̀tẹ̀ tí òun náà ń bá Spéìn jà, pa Andrés Bonifacio, ọ̀kan lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ ìṣọ̀tẹ̀ Filipínì sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Gregoria de Jesús, wọ inú òkè lọ láti wá òkú rẹ̀. Nínú fíìmù Diaz, a bá a rìn. Igbó, kùrukùru, omi, ẹsẹ̀ tó ń wọ́. Obìnrin tó da àwọn ará Silang sì wà láàrin àwọn tó ń bá a wá a, kò sì lè gbé ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ mọ́. Wọn kò rí òkú náà. Títí di òní, kò sí sàréè kan tó dájú tí ọmọ Filipínì lè dúró níwájú rẹ̀ kó ní, Bonifacio rèé. Ẹni tó bá ṣì ń sọ pé kí Lav Diaz yára, kó kọ́kọ́ wọ inú òkè yẹn lọ, kó bá Gregoria níbi tó ti ń yẹ abẹ́ igi wò, kó sì sọ fún un pé wákàtí 2 ti pé, kó máa bọ̀ nílé.